Ọwọ́ Tí Tíṣà Tú Sílẹ̀

Nígbà tí Dókítà Níìfẹ́mi jókòó sídìí ẹ̀rọ iṣẹ́ abẹ ojú náà l'Adó-Èkìtì, ó bá èèkù rẹ̀ méjèèjì ní gbígbóná, bí ìgbà tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀, otútù sì gba gbogbo yàrá.

Ẹ̀rọ náà ní apá irin méjì. Bí dókítà bá sún èèkù níwọ̀n ìka kan, apá irin á sún níwọ̀n fọ́nrán irun nínú ojú aláìsàn. Bí ọwọ́ dókítà bá gbọ̀n, ti irin kì í gbọ̀n.

Tíṣà Ọlátúbọ̀sún ló dùbúlẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ojú kan ṣoṣo ló kù fún bàbá. Bí èyí bá bàjẹ́, ó parí. Wọ́n ti fún ojú náà lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bàbá kò sùn. Wọ́n rọra fi ọ̀já so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá yìí ló kọ́ Níìfẹ́mi ní lẹ́tà ní Ìjàn-Èkìtì, lọ́dún márùndínlógójì sẹ́yìn. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí Níìfẹ́mi, ta ló sì fẹ́ kí ọmọ òun máa fi òsì kí àgbà? Tíṣà kò nà án rí. Ṣe ni yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀, yóò tẹ òsì rẹ̀ mọ́ tábìlì, yóò fi ọwọ́ kejì bo ọ̀tún rẹ̀, wọn á jọ máa kọ ọ́. Ah, ayé ìgbà náà dùn o.

Awọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan ni Níìfẹ́mi ń bó kúrò ní ìsàlẹ̀ inú ẹyinjú bàbá. Ó ku díẹ̀ kó tán, ọ̀tún rẹ̀ kọ̀, kò lọ mọ́. Òsì nìkan ló lè dé igun tó kù, òsì tí kò fi ṣe iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ rí.

Òórùn ṣọ́ọ̀kì dé. Àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ kan gbéra kúrò lórí òsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀. Òsì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, ó bó awọ náà wẹ́rẹ́ bí ẹni ń bó èèpo ẹ̀wà.

Bàbá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ lábẹ́ aṣọ.

"Mo ti tú òsì rẹ sílẹ̀, ọmọ mi. Uṣẹ́ rẹ̀ ni, èmi ni mo dè é."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá ríran kedere. Ó wo ojú Níìfẹ́mi títí, àwọn méjèèjì sì sunkún ayọ̀.

Nọ́ọ̀sì gbé fáìlì wá kí dókítà buwọ́ lù ú. Níìfẹ́mi fi ọ̀tún mú báírò, ó gbé e lé ìwé, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó fi ṣe gbogbo ìdánwò ayé rẹ̀ kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo kọ. Ìgbà náà ló tó yé e, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń bá a kọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá.