Ẹ Dìde, Ẹ Wá Wò Ó

"Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èrò wa. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú fàájì. Ṣé ohùn mi ń dé ẹ̀yìn?"

"Ó ń dé ẹ̀yìn, ó ń dé òdìkejì odò," ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn láti ibi tó ti ń nu gíláàsì iwájú ọkọ̀. "Àwọn ẹja gan-an ti ń bẹ̀ ọ́ pé kí o sinmi. Èrò kankan ò tíì wọlé."

Rédíò bú sẹ́rìn-ín, ó gbé máíìkì sílẹ̀. Kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ló fún un lórúkọ náà, nítorí pé bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àfi kí iná lọ kó tó dákẹ́.

Bàbá rẹ̀ ni atukọ̀ ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan tó máa ń gbé èrò la inú igbó kọjá lórí odò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Èrò á máa jẹun alẹ́ lórí tábìlì, wọn á máa wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lẹ́yìn igi, wọn á sì máa fojú wá ẹranko létí omi. Àǹtí Rédíò, àbúrò bàbá rẹ̀, ló máa ń di máíìkì mú tẹ́lẹ̀ láti ṣàlàyé ohun tí wọ́n bá rí. Nígbà tí ìyẹn bímọ, Rédíò bẹ bàbá rẹ̀ títí ó fi gbà pé kó máa ṣe é dípò rẹ̀.

Àmọ́ bàbá náà kò fi máíìkì lé e lọ́wọ́ láìsọ ọ̀rọ̀. "Ọkọ̀ ló ń yí, èrò kì í yí," ó ti wí fún un. "Bí o bá rí ẹranko, ní kí wọ́n jókòó sáyè wọn, èmi á yí ọkọ̀ kí kálukú lè rí i. Bí o bá sì fẹ́ bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, gbé máíìkì kúrò lẹ́nu. Máíìkì ò mọ ẹnì kan, gbogbo ayé ló ń bá sọ̀rọ̀."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Gbígbọ́ kọ́ ni mo ń wí. Kí o rántí ni."

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọkàn gbogbo òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà kò kúrò lórí rẹ̀. Erinmi kan ń gbé ibi tí odò ti fẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ kékeré. Ìyàwó ni wọ́n ń pè é, torí pé bí èèyàn ti wù kó dúró dè é tó, ìgbà tó bá wù ú ló ń jáde, bí ìyàwó tí mọ́tò ti dúró dè níta tó ṣì ń kun àtíkè. Lóṣù tó kọjá, ó lé apẹja kan bọ́ sómi láti inú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ. Ara apẹja náà kò bó, àmọ́ ṣòkòtò rẹ̀ kò bá a délé. Ọ̀gá àwọn aṣọ́gbó sì kìlọ̀ pé bí ẹranko náà bá tún kọlu ọkọ̀ kan péré, ìbọn ni òun máa fi pa á. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá Rédíò máa ń pa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá dé ibẹ̀, kí ohunkóhun má bàa múnú bí Ìyàwó.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀rẹ́ Rédíò kan tí wọ́n ń pè ní Sísí mú ìyá àgbà rẹ̀ wá ṣe ọjọ́ ìbí nínú ọkọ̀ náà, ó sì kó mẹ́ta nínú àwọn ọmọ kíláàsì wọn lẹ́yìn. Aṣọ Sísí kì í rún, ẹnu rẹ̀ kì í sì í fo nǹkan kọjá. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ ìfọ́nnu Rédíò ní kíláàsì pé òun àti erinmi náà ti mọwọ́ ara wọn débi pé bí òun bá ti pè é lórí máíìkì, kíá ló máa yọjú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ẹnu bá ti ń dùn báyìí, kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ọkọ̀ gbéra. Omi dúdú lábẹ́ òjìji igi, ó sì pọ́n níbi tí oòrùn ti ń kàn án. Àwọn lékeléke ń padà sílé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn ọ̀bọ ń jà lórí ẹ̀ka lórí ibi tí wọ́n máa sùn. Bùọ̀dá Jẹ́jẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Rédíò, ń gbé oúnjẹ ká orí tábìlì. Ìrìn rẹ̀ ló fi gba orúkọ náà; ó lè gbé àwo ọbẹ̀ tó kún dẹ́nu kọjá láìta sílẹ̀. Rédíò ń sọ orúkọ ẹyẹ àti igi fún èrò, ó ń dá wọn lẹ́rìn-ín, kódà bàbá rẹ̀ ń mi orí níwájú lọ́hùn-ún. Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, ayé ì bá dára.

Wọ́n dé ibi tí odò ti fẹ̀. Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo èèyàn dákẹ́, wọ́n ń wo omi. Wọ́n dúró títí tí oúnjẹ fi ń tutù. Ìyàwó kò jáde.

Ohun tí Àǹtí máa ń sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kò le: "A ò rí i lónìí o, ẹ̀yin èrò wa. Ẹranko ò gba àṣẹ lọ́wọ́ wa." Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n Rédíò nígbà tí Sísí nàgà láti orí tábìlì wọn.

"Rédíò, ṣé bátìrì ẹ ti kú ni?"

Àwọn ọmọ kíláàsì wọn fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojú ti Rédíò, etí rẹ̀ gbóná. Ìgbà náà ló rí igi ńlá kan tó ti wó sínú odò lápá ọ̀tún. Ẹ̀yìn igi náà yọ lókè omi, ó dúdú, ó ń dán. Ó ti rí igi náà ní Sátidé tó kọjá, ó mọ̀ pé igi ni. Ọkàn rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò dúró gbọ́.

"Ẹ wò ó lápá ọ̀tún! Ìyàwó ti dé!"

Àwọn èrò na ọrùn. Ìyá àgbà Sísí, tó jókòó lápá òsì, ń fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. "Níbo, ọmọ mi? Èmi ò rí nǹkan kan o."

Rédíò yíjú sí arúgbó náà, ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. "Ẹ dìde," ó ní, "ẹ wá wò ó níbí."

Ìyá àgbà nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ" ti ọ̀wọ̀ ni "ẹ" tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ wo tó ní ẹ̀kọ́ ló máa sọ fún arúgbó pé "dìde, wá wò ó"? Àmọ́ máíìkì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ" tó jáde látinú ẹ̀rọ kò ṣeé dá mọ̀ bóyá ti àgbà kan ni tàbí ti ogunlọ́gọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èrò tó wà lápá òsì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, tàgbà tọmọdé, wọ́n sáré lọ sápá ọ̀tún.

Ọkọ̀ fì. Àwo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí tábìlì. "Ẹ jókòó! Ẹ jókòó!" ni bàbá ń ké, àmọ́ ta ló ń gbọ́? Bùọ̀dá Jẹ́jẹ́ wà láàárín ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná. Ìyá àgbà ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Dípò kí Jẹ́jẹ́ ju ìkòkò náà sílẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ọbẹ̀ sì dà sí i lápá láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ sún gbá ohun kan nínú omi, gbì!

"Erinmi ti kọlù wá o!" ni ọkùnrin kan figbe ta.

Ta ló máa bá a wí? Wọ́n ti sọ fún un pé erinmi wà níbẹ̀, nǹkan sì gbá ọkọ̀ níbẹ̀. Bàbá tan ẹ́ńjìnnì, ó yọ ọkọ̀ kúrò. Nígbà tí gbogbo èèyàn ti jókòó, ó pe Rédíò síwájú. Láti ibi tí òun jókòó sí, kò lè rí apá ọ̀tún dáadáa.

"Ṣé Ìyàwó ni lóòótọ́? O rí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó mà ṣe o. Ọmọ rẹ̀ ò tíì já lẹ́nu ọmú."

Rédíò padà sí àyè rẹ̀, àmọ́ adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Sísí wá gbá a mọ́ra. "Rédíò, o ò ṣeé fojú di! Dúró di Mọ́ńdè, gbogbo ilé ìwé ló máa gbọ́." Ìyìn tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn, ó sì korò lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, Jẹ́jẹ́ ń da omi tútù sí apá rẹ̀, ó ń payínkeke.

Ẹnì kan nínú èrò ti pe àwọn aṣọ́gbó lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n fi máa gúnlẹ̀, ọ̀gá aṣọ́gbó ti dúró ní èbúté pẹ̀lú ìbọn léjìká. Ó gbọ́ ẹnu àwọn èrò, ó mi orí.

"Mo ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ tán, a máa parí ẹ̀." Ó kọjú sí Rédíò. "Ìwọ lo di máíìkì mú, ìwọ lo kọ́kọ́ rí i. Sọ ọ́ fún mi kí n gbọ́. Mi ò fẹ́ pa aláìṣẹ̀."

Gbogbo ojú wà lára Rédíò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ wá ń wá ọ̀rọ̀. Bó bá ní "bẹ́ẹ̀ ni" péré, ilé ló ń lọ, àkọni ló sì jẹ́ ní Mọ́ńdè. Bàbá rẹ̀ rò pé ẹ̀rù ìbọn ló ń bà á, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú."

"Igi ni," ni Rédíò wí.

"Kí lo wí?"

"Igi ni mo rí, sà. Mo mọ̀ pé igi ni kí n tó sọ̀rọ̀. Erinmi kankan ò jáde lónìí. Èmi ni mo ní kí wọ́n dìde, igi yẹn náà la gbá." Ẹkún gbà á lẹ́nu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á."

Ariwo sọ ní èbúté. "A fẹ́ẹ̀ kú sódò nítorí igi?" Sísí ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí, ó di ìyá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n lọ. Ọ̀gá aṣọ́gbó kò bá a jà. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó wọ ọkọ̀ kékeré lọ síbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ní ọ̀dà ara ọkọ̀ wọn ti lẹ̀ mọ́ igi náà. Ó yọ ọta kúrò nínú ìbọn rẹ̀, ó sì sọ fún bàbá Rédíò pé ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ gbé èrò títí wọ́n á fi tún ìdí rẹ̀ ṣe, tí òun á sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé. "Inú ń bí mi sí ẹ gan-an," ó ní. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmọ́ ti ẹ̀ kò tiẹ̀ mọ lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ. Apá Jẹ́jẹ́ ló bó, erinmi ló fẹ́ẹ̀ kú." Ó ṣí ilẹ̀kùn. "O ṣeun tó o sọ ọ́. Wọlé lọ sùn."

Títí apá Jẹ́jẹ́ fi jinná, Rédíò ló ń bá a fọ ìkòkò àti àwo. Jẹ́jẹ́ kò dì í sínú. "Máa fọ̀ ọ́ dáadáa," á máa wí, "kí ìwọ náà lè mọ̀ pé ọbẹ̀ wúwo." Nílé ìwé, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Igi ni wọ́n ń pè é báyìí, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tí wọ́n tún ọkọ̀ ṣe tán, bàbá gbé e jáde ní ìrọ̀lẹ́ kan láti dán an wò. Òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ni. Wọ́n dé ibi tí odò ti fẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì. Omi là, Ìyàwó sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, nítòsí gan-an, ó ń gbọn omi kúrò ní etí. Ọmọ rẹ̀ yọ tẹ̀lé e, ó gbé àgbọ̀n lé e lẹ́yìn. Wọ́n wo ọkọ̀, wọn kò bẹ̀rù, wọn kò sì bínú. Ọwọ́ Rédíò lọ síbi tí máíìkì máa ń wà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi rì padà.

Lọ́jọ́ kejì, kò lè pa á mọ́ra. Ó sún mọ́ Sísí ní kíláàsì. "Sísí, mo rí i lánàá. Ìyá àti ọmọ. Wọn ò jìnnà sí mi rárá."

Sísí gbójú sókè látinú ìwé rẹ̀. "Igi wo tún nìyẹn?"

Rédíò kò bá a jiyàn. Ó padà sáyè rẹ̀, ó jókòó. Ó dùn ún, àmọ́ ó mọ̀ pé òun lòun fọwọ́ ara òun fà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iyì tí a bá fi irọ́ rà kì í pẹ́ tú, ẹlòmíràn ló sì sábà máa ń bá wa jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá purọ́ lónìí, bó bá rí òtítọ́ tó dára jù lọ lọ́la, òun nìkan ni yóò máa jẹ́ ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìgbà tó pẹ́ jù láti sọ òótọ́ tó lè gba ẹ̀mí là. Àwọn ọmọ kíláàsì kò gba Rédíò gbọ́, ṣùgbọ́n erinmi náà wà láàyè, ọmọ rẹ̀ sì ń mu ọmú.