Wákàtí Mẹ́ta Tí Mo Jẹ Ọkọ Mi

Káfíńtà tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá sọ fún mi pé ọkọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi sì ti kú láti oṣù mẹ́rin. Káfíńtà yìí kan náà ló kan pósí rẹ̀, torí náà kì í ṣe ẹni tí mo lè sọ fún pé kò mọ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Mò ń to àgádágodo sórí pẹpẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, ó ń gbọn ìyẹ̀fun igi dànù lápá rẹ̀.

"Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ń rán wá sí ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Kí ló sọnù lọ́wọ́ mi síbẹ̀?"

"Àwòrán baba ni. Èyí tí ẹ tà fún mi. Ó ń pọ̀ sí i."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ó ń pọ̀ sí i? Àbí ó lóyún ni?"

Káfíńtà ò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn, tí ẹ bá bá a ṣẹ̀fẹ̀ báyìí, á ti máa rẹ́rìn-ín kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé àgádágodo ọwọ́ mi sílẹ̀.

Lẹ́tà ni ọkọ mi ń pín kó tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi rìn. Ìgbà tó wá ráyè jókòó, ló bá kó sínú eré kan tí ẹnikẹ́ni ò rán an: ó ń fi awọ igi ya àwòrán. Kì í lo ọ̀dà rárá. Igi tí wọ́n bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé ló ń lò, òmíràn pupa, òmíràn funfun bí eyín, òmíràn dúdú bí èédú. Á fi ọ̀bẹ kékeré gé ihò sára páálí, á ti awọ igi sábẹ́ ihò náà, á tọ etí ihò yẹn gé igi, á wá fi í dí i. Á wọ ibẹ̀ rẹ́gí, abẹ́rẹ́ ò ní ríbi gbà láàárín wọn. Ibi tó bá fẹ́ kó ṣókùnkùn díẹ̀, á ki etí igi bọ iyanrìn gbígbóná títí yóò fi jó fẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo ilé wa á máa rùn bí ilé ẹni tó ń yan àga jẹ.

"Ṣé ó ṣeé jẹ?" Bí mo ṣe máa ń bi í nìyẹn.

"Wíwò ni, ìyàwó. Kì í ṣe jíjẹ."

"Ojú kì í yó."

Kì í bínú. Ká ní ó ń bínú ni, bóyá ọ̀rọ̀ mi ì bá má dùn mí tó báyìí.

Èyí tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn, obìnrin kan ló jókòó nídìí tábìlì, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé e. Ó ṣe ọwọ́, ó ṣe aṣọ, ó ṣe tábìlì. Ojú nìkan ni kò ṣe, ihò gbàgàdà ló fi síbẹ̀. Ó ní, "Wá jókòó fún mi. Wákàtí mẹ́ta péré. Kí o kàn máa wò mí." Mo ní, "Ta ni yóò bá mi ta ìṣó? Kọ ọ́ sílẹ̀, mo jẹ ọ́." Ọdún méjì ni mo fi ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: mo jẹ ọ́, mo jẹ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, òun ò jí.

A sin ín tán, mo kó gbogbo pàǹtí rẹ̀ tà fún káfíńtà: ọ̀bẹ, awọ igi, àti àwòrán tí kò parí. Ọmọ mi obìnrin, tó ń dirun, tó ṣì ń gbé lọ́dọ̀ mi, sunkún. "Màámi, ẹ má ta ìyẹn." Mo ní tí a bá ń tọ́jú gbogbo ohun tí òkú fọwọ́ kàn, níbo ni alààyè fẹ́ sùn?

Àwòrán yìí ni káfíńtà wá ní ó ń pọ̀ sí i.

Mo tẹ̀ lé e. Ó gbé e kọ́ sára ògiri. Ihò gbàgàdà ti di: àgbọ̀n wà níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà, iwájú orí wà. Àmì dúdú kan bí hóró ẹ̀wà wà ní àgbọ̀n lápá ọ̀tún. Mo sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe rí ní wúńdíá, kó wo ọmọ mi. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwa méjèèjì kò ju pé àmì tèmi wà lápá òsì, tirẹ̀ sì wà lápá ọ̀tún. Ẹyinjú nìkan ló kù. Ihò méjì, mo sì rò pé ògiri ni mò ń rí nínú wọn. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ta ló ṣe é?"

"Tí mo bá ti lọ jẹun ọ̀sán," ni káfíńtà wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "tí mo bá fi máa padà dé, wọ́n á ti fi ẹyọ kan kún un. Mo ti ilẹ̀kùn o. Àgádágodo tiyín ni mo fi tì í."

Àwọ̀ igi ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ò ṣàjèjì sí mi. Mo délé, mo wo pátákó tó wà níbi tí a ń gbórí sí lórí ibùsùn wa. Lápá ibi tí ọkọ mi ń sùn, wọ́n ti bó awọ kan lára rẹ̀, ó tẹ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo padà sí ìsọ̀. Ní ojú kóńtà ibi tí mo máa ń fi ìgùnpá tì, wọ́n ti bó ibẹ̀ náà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, èyí tí mo máa ń gbá mọ́ ọn lójú tí mo bá ń bínú, wọ́n bó o. Gbogbo ibi tí wọ́n ti bó o ló ń dán, kò sí èyí tó ya bàràbàrà. Ẹni tó ní sùúrù ló ṣe é.

Mo ní ó ti tán: ojú ọmọ mi ló ń yà. Bàbá yìí ń bọ̀ wá mú ọmọ. Ọjọ́ tí ẹyinjú bá pé, ọjọ́ náà ni yóò mú un lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ náà ń sọ pé orí ń fọ́ òun. Ẹni tó ń dúró dirun láti àárọ̀ dalẹ́, báwo ni orí ò ṣe ní fọ́ ọ? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ro irú ìyẹn.

Mo kó ẹrù rẹ̀ síta. Mo ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin. Mi ò sọ ìdí ẹ̀ fún un, torí mo bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ yẹn, tí mo bá fẹnu pè é, á gbọ́.

"Màámi, kí ni mo ṣe?"

"O dàgbà ni. Ilé mi ò gba ìyá méjì."

Ó wò mí títí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Mo ti bú oníbàárà, mo ti bú agbówó-orí, mo ti bú ọlọ́pàá. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ rí tó ń jí mi lójú oorun bí ìyẹn.

Mo gba àwòrán náà padà lọ́wọ́ káfíńtà. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gbé e sẹ́yìnkùlé, mo bu kẹrosíìnì sínú agolo, mo mú ìṣáná dání. Ni ọmọ mi bá dé. Ó wá mú kóòmù rẹ̀.

"Màámi! Kí lẹ fẹ́ jó?"

"Ojú ẹ ni!" Ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi. Mo bá sọ gbogbo ẹ̀ fún un, títí dórí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ó gbé àwòrán náà, ó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Màámi, ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ ń wò."

"Ẹ̀yìn báwo?"

"Tí bàámi bá ń gé e, wọ́n máa ń lẹ bébà onígọ́ọ̀mù mọ́ ojú ẹ̀ kó má baà tú ká. Èmi ni mo máa ń pọ́n bébà yẹn lá fún wọn. Ibi tí ò ní bébà yìí, ibẹ̀ ni wọ́n á fi gọ́ọ̀mù sí, tí wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tó bá parí. Ẹ̀yin àti káfíńtà, ẹ dojú iṣẹ́ bàámi kọ ògiri."

Ó yí i padà. Bébà bò ó lóòótọ́, a ti rò pé ìdọ̀tí ni. Ó rẹ àkísà sómi, ó ń rin bébà náà, ó ń ká a díẹ̀díẹ̀. Àmì dúdú bọ́ sápá òsì. Èmi ni. Kì í ṣe wúńdíá kankan. Èmi ọlọ́jọ́ orí ni, pẹ̀lú ojú tí mo máa ń fà ro tí wọ́n bá ní kí n dín owó.

Lórí bébà tó bo ibi ẹyinjú, ọkọ mi ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan. Ọmọ mi kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Mi ò lè ṣe ẹyinjú láti inú iyè. Kò wò mí rí. Kó jókòó ná. Wákàtí mẹ́ta."

Kò wò mí rí. Ẹ̀yin ará, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbá mi létí. Mo mọ ìwọ̀n bàtà rẹ̀. Mo mọ ikọ́ rẹ̀ láàárín ogún ikọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá bi mí bí ẹyinjú rẹ̀ ṣe rí, mo máa ní ó dúdú ni, torí pé ojú gbogbo ènìyàn dúdú.

Ara tù mí torí ọmọ. Ẹ̀rù wá bà mí torí ara mi.

"Màámi, ẹ má jókòó o. Tó bá wá jẹ́ pé…"

"Tó bá fẹ́ mú mi, kó mú mi. Mi ò jẹ gbèsè mọ́jú lọ́jà rí."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gbé àwòrán náà nàró lórí tábìlì tí ọkọ mi fi ń ṣiṣẹ́, mo fi wíńdò sẹ́yìn rẹ̀, mo jókòó síwájú rẹ̀. Ọmọ mi wà ní ìsọ̀. Mò ń rí òfuurufú nínú ihò méjèèjì. Wákàtí kìíní, nǹkankan ò ṣẹlẹ̀, àfi eṣinṣin. Wákàtí kejì ń lọ sópin nígbà tí ihò kan ṣókùnkùn. Kì í ṣe ìkùukùu, torí ìkejì ṣì mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀bẹ, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Òórùn iyanrìn gbígbóná gba yàrá. Mo gbọ́ imú rẹ̀ tó máa ń súfèé tó bá tẹjú mọ́ṣẹ́, tí mo máa ń sọ fún un pé kó fọn ọ́n.

Ẹnì kan bá pariwo níta: "Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́! Àgádágodo ńlá mẹ́fà!"

Ẹsẹ̀ mi yìí, òun fúnra rẹ̀ ló dìde. Kí n tó mọ̀, mo ti dáhùn pé, "Mò ń bọ̀ o!" Mo gbọ́ tí wọ́n rọra fi ọ̀bẹ lélẹ̀ lẹ́yìn àwòrán, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lára láti máa fi í lélẹ̀.

Mo yíjú padà. Ojú kan ti wà níbẹ̀. Kì í ṣe èmi ló ń wò. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

Ọmọ mi pe káfíńtà. Káfíńtà wọ awò rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ẹyinjú náà. 

"Ìyá, igi dúdú yìí, pátákó kan péré ni mo ní rí. Ibì kan ṣoṣo ni mo lò ó sí."

"Ibo?"

"Ọmọrí pósí baba. Ọ̀gangan ojú wọn." Ó bọ́ awò rẹ̀. Ó lọ, kò kí wa pé ó dàbọ̀.

Ó ku wákàtí kan. Lọ́jọ́ kejì mo ti ìsọ̀ lọ́sàn-án, ohun tí mi ò ṣe lọ́jọ́ tí ó kú pàápàá. Mo kó kọ́kọ́rọ́ fún ọmọ mi. Mo jókòó.

"Mo ti dé," ni mo wí. "Má bínú."

Ihò tó kù ṣókùnkùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ láti àná. Mo wò ó. Wọ́n ń kanlẹ̀kùn níta, wọ́n ń pe orúkọ tí wọ́n ń pè mí, ó sú wọn, wọ́n lọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, mi ò nù ún, torí ẹni tó bá ń nu ojú ti ṣíjú kúrò. Ìgbà tó yá, òkùnkùn inú ihò náà bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ẹyinjú ọkọ mi ni. Ó ń wò mí bọ̀ láti ẹ̀yìn ojú mi tó wà nínú àwòrán. Kò dúdú rárá. Ó pọ́n díẹ̀, bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó sì ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kan yí i ká. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni èyí fi wà nídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú mi.

"Báyìí ló ṣe rí?" ni mo wí. "Báyìí ló ti ń rí láti ọjọ́ yìí?"

 Ọ̀bẹ ń lọ, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Nígbà tó ṣe, igi rọra wọ inú ihò náà, bí ìgbà tí ènìyàn pa ojú dé. Àga kan sún lẹ́yìn níbi tí kò sí àga. Ojú méjèèjì ń wò mí gan-an, títí kan èyí tó ń wo ẹnu ọ̀nà tẹ́lẹ̀, èmi náà sì ń wò wọ́n. Ni agogo bá lù. Wákàtí kẹta pé. Mo ti san án tán, kò sì sí ẹni tí mo lè bi bóyá ó gbà á.