Kí O Tó Sọ Pé "Ohun Tí Ẹ Bá Rí, Sà"

Fóònù ṣì wà létí Ìyá Sísí nígbà tó kúnlẹ̀ gbì sáàárín yàrá. Ẹ wo nǹkan! Ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ kò kúkú rí i.

"Ẹ ṣeun gan-an, sà! Ohun tí ẹ bá rí náà ni, sà. Mi ò ní jiyàn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ pé gbígba èèyàn síṣẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀, ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ta lò ń kúnlẹ̀ fún?"

"Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ti gbà mí, Àǹtí mi! Èmi ni màá máa gé aṣọ fún wọn. Ọ̀la ni màá bẹ̀rẹ̀."

"Aago mélòó ni wọ́n máa ń ṣíwọ́ níbẹ̀?"

Ohùn Ìyá Sísí wálẹ̀. "Mẹ́jọ alẹ́."

"Ta ló wá máa lọ mú Sísí ní jẹ́lé-ó-sinmi, tó jẹ́ pé aago mẹ́fà ni wọ́n ń tìlẹ̀kùn?"

Iṣẹ́ ọdẹ alẹ́ ni Bàbá Sísí ń ṣe, ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde nílé. Iṣẹ́ tí Ìyá Sísí ṣe kẹ́yìn, bó ṣe gbà á láìbéèrè nǹkan kan nìyẹn. Lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ pẹ́, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti bá ọmọ náà, tó ń ké, tó ń wá ìyá rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Sísí fi iṣẹ́ sílẹ̀, ilé ló sì ń jókòó sí látìgbà náà.

"Bí mo bá béèrè, tí wọ́n bá lọ gba ẹlòmíràn ńkọ́? Wọ́n á ní ẹnu mi pọ̀ jù."

"Èmi tí mò ń gba èèyàn síṣẹ́ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n wò láàárín èrò, ìwọ ni wọ́n mú. Wọ́n lè sọ pé rárá o, mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n ká fi ọ̀wọ̀ béèrè nǹkan, kì í sábà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Kí lo fẹ́ gan-an?"

"Kí n máa ṣíwọ́ láago márùn-ún."

"Kí ni àǹfààní tiwọn níbẹ̀?"

Ìyá Sísí ronú. "Mo lè máa dé láago méje àárọ̀, kí n ti gé aṣọ sílẹ̀. Bàbá Sísí á ti dé, á gbé ọmọ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán mi wò, ńṣe ni àwọn aránṣọ káwọ́ gbera, tí wọ́n ń dúró de ẹni tó ń gé e."

"Háà! O ní irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu, o wá ń sọ pé ohun tí ẹ bá rí?"

Ìyá Sísí pe nọ́ńbà náà padà. Ó tún kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí dáadáa. Nǹkan kan ló wà tí mo fẹ́ ká jọ sọ kí n tó bẹ̀rẹ̀."

Ó sọ ti ọmọ, ó sọ ti aago méje àárọ̀, ó dákẹ́.

Ọ̀gá ò fèsì. Ìyá Sísí lanu pé kí wọ́n má bínú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yára fi ìka lé ètè.

"Màá pè yín padà," ni ọ̀gá wí, ó sì gé fóònù.

"Mo gbé!" Omi bọ́ lójú Ìyá Sísí. "Mo ti ba iṣẹ́ ọ̀hún jẹ́!"

Kí n má parọ́, ẹ̀rù ń ba ẹ̀gbọ́n náà. Ó ń na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀ ni fóònù dún.

"Ẹ máa dé ní méje, kí ẹ máa lọ ní márùn-ún," ni ọ̀gá wí. "Ṣùgbọ́n ìsinmi ọ̀sán yín á kúrú o."

"Mo gbà, sà. Ṣé ẹ lè bá mi kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ kí n tó fọwọ́ sí i?"

"A máa kọ ọ́." Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú yín, nítorí aago mẹ́jọ yẹn ni wọ́n ṣe lọ. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó sọ fún mi, àfi ìgbà tí wọ́n lọ tán."

Ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́, ẹ gbọ́ o. Bí wọ́n bá ní àwọn ti gbà yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ tọrọ àyè láti rò ó. Ẹ béèrè ohun tí ẹ máa ṣe, owó rẹ̀, aago rẹ̀ àti ìsinmi. Ẹ mọ èyí tí ẹ ò lè gbà láéláé kí ẹ tó lanu. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ àti àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún wọn, kí ẹ wá dákẹ́, kí wọ́n ráyè dáhùn. Ibi tí ẹ bá fẹnu kò sí, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ bó bá wù yín, ẹ ṣáà béèrè.