Súìṣì Pupa Tó Wà Lẹ́yìn Kọ̀ǹpútà

Ládépọ̀ fi ìrésà tó máa ń fi pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu ẹnu mẹ́mórì kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí tó fi ń dán. Ó tì í padà sáyè rẹ̀, ó dún kẹ́, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà náà tàn. Ó ṣí gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn jù. Agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó dúró gbagidi; nígbà tó máa fi gbé ẹsẹ̀ kejì, àwọn ọ̀tá ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

“Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?” Ládépọ̀ bi kọ̀ǹpútà náà.

Ó ti pààrọ̀ wáyà, ó ti gbọn eruku inú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò tíì yẹ̀ wò ni káàdì gẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà. Kò yẹ̀ ẹ́ wò torí pé òun ló fọkàn tán jù nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà ọlidé tó gùn, ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ní Alaba. Ó ń gbé ẹrù, ó ń nu eruku, ó ń de síkírúù. Nígbà tí ọlidé parí, káàdì náà ni ọ̀gá fi san oore fún un. Fáànù méjì ló wà lára rẹ̀, Ládépọ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bàtà ọdún rẹ̀ lọ.

Ó tan iná fóònù sínú kọ̀ǹpútà náà. Fáànù kan ṣoṣo ló rí.

Ó yọ káàdì náà jáde, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ògbólógbòó káàdì kan ni, ẹnu rẹ̀ ti dípẹtà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, torí òun fúnra rẹ̀ ló bá ẹni tó ni ín dè é nígbà kan. Káàdì Lùkúmọ̀n ni.

Ọ̀rẹ́ Ládépọ̀ ni Lùkúmọ̀n, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, ilé wọn ò sì jìnnà síra ní Iba níbí. Lánàá ló wá gbá gẹ́ẹ̀mù nílé Ládépọ̀. Omi ẹ̀rọ sáré dé, ìyá Ládépọ̀ ní kó lọ pọn sínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan sílẹ̀ nínú yàrá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: olè ni Lùkúmọ̀n jà. Kò yá a, kò sì ṣèèṣì mú un. Ó tú síkírúù, ó jí èyí tó dáa, ó fi àlòpatì dí àyè rẹ̀, ó sì tún jẹ ìrẹsì ilé náà kó tó máa lọ!

Ìyá Ládépọ̀ gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ìdí máṣíìnì ìránṣọ. “Lọ bi í lójú ara ẹ̀,” ló wí. “Tó bá sẹ́, èmi á lọ bá ìyá ẹ̀.”

“Ẹ fi sílẹ̀, Mọ́mì.”

“Kí n fi kí ni sílẹ̀? Wo ojú mi, Ládépọ̀. Ìbínú ò da nǹkan kan fúnni o.”

“Ẹ fi sílẹ̀, mà. Mo mọ ohun tí mo máa ṣe fún un.”

Ní iléèwé, Lùkúmọ̀n ò lè pa á mọ́ra. Ó ń fọ́nnu fún gbogbo kíláàsì pé gẹ́ẹ̀mù òun ti ń ṣàn bí omi báyìí, àfi kí wọ́n wá wò ó. Ládépọ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín, ó tún gbá a léjìká. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí tíṣà ìṣirò ń sọ. Ẹkún Lùkúmọ̀n ló ń gbọ́ létí, ó sì ń dùn mọ́ ọn.

Kí ló fẹ́ ṣe? Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ló ní súìṣì pupa kékeré kan lẹ́yìn, lára páwà tó ń gba iná wọlé. Iná Amẹ́ríkà ò le tó tiwa. Bí súìṣì náà bá wà ní ti Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ wá ki wáyà bọ iná wa, páwà á bú gbàmù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Alaba fi máa ń yí i sí tiwa, tí wọ́n á sì lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà kàn án. Ládépọ̀ ti lẹ irú ẹ̀ títí tó fi sú u ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀.

Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni ti Lùkúmọ̀n, ètò Ládépọ̀ ò sì ṣòro. Páwà nìkan ló máa jó. Lùkúmọ̀n á gbé kọ̀ǹpútà wá bá a, torí òun ni gbogbo àdúgbò ń gbé tiwọn wá bá. Òun á ṣí i lójú gbogbo èèyàn, á fa káàdì rẹ̀ yọ, á wá ní kí olè ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Ní Sátidé, ó lọ sílé Lùkúmọ̀n. Kò síná. Lùkúmọ̀n jáde lọ ra omi tútù fún àlejò rẹ̀, Ládépọ̀ sì yí kọ̀ǹpútà náà, ó ṣí sẹ́lótéèpù kúrò. Ìgbà yẹn ló rí àwọn ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Ti Rodiyat ni, ẹ̀gbọ́n Lùkúmọ̀n tó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì tó wà ní Iyana-Iba. Orí kọ̀ǹpútà yìí náà ló ti ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí tó máa fi gboyè.

Ọwọ́ Ládépọ̀ dúró. “Sọ́ńdè ni Àǹtí Rodiyat máa ń wálé,” ló sọ fún ara rẹ̀, ó sì yí súìṣì náà. Nígbà tí Lùkúmọ̀n dé, ó gba omi náà, ó mu ún tán, ó dúpẹ́.

Ọ̀sán ni wọ́n mú iná dé. Àwọn ọmọdé pariwo káàkiri àdúgbò. Ládépọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀ títí tó fi dún.

“Ládé! Kọ̀ǹpútà mi ti bú o! Èéfín ti gba ilé kan!”

“Háà! Pẹ̀lẹ́ o. Máa gbé e bọ̀.”

Ó ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó jó yí yàrá po.

Lùkúmọ̀n gbé kọ̀ǹpútà náà dé lórí. Rodiyat ń sáré tẹ̀ lé e, kò rántí fi nǹkan borí, ẹsẹ̀ sílípáàsì tó wọ̀ ò sì bára mu. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá Ládépọ̀, ó sì kọjú sí Ládépọ̀.

“Jọ̀ọ́, bá mi yọ iṣẹ́ mi nínú ẹ̀. Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì yẹn. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ ni, ó bú. Mọ́ńdè là ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi dúró de Sọ́ńdè kí n tó wálé.”

Ládépọ̀ sún mọ́ ọn. “Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́? Lùkúmọ̀n ńkọ́?”

“Mọ́mì wa rán an lọ lọ ata. Mo ní kí n tètè tẹ èyí tó kù kí wọ́n tó mú iná lọ. Fúláàṣì tí mo ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ náà sí pẹ̀lú wà lára ẹ̀.”

Ládépọ̀ tú síkírúù. Òórùn jíjóná yọ sí gbogbo wọn. Páwà náà ò dá lọ. Ó fa màdábọ́ọ̀dù tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́ mọ́ra, ó fa dísìkì tó ń tọ́jú iṣẹ́. Ó gbé dísìkì náà sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kò dún, kò mì. Ó ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, pàbó. Níkẹyìn ó fa káàdì gẹ́ẹ̀mù yọ. Ìkan nínú fáànù méjèèjì ti yọ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Kí ó tó la ẹnu, Lùkúmọ̀n ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Ládé, dákun, dárí jì mí. Káàdì ẹ ni. Èmi ni mo jí i. Ọlọ́run ló mú mi yìí.”

Rodiyat gbá a létí. “Olè! Nítorí olè tìẹ ni iṣẹ́ mi ṣe jóná!” Ó bú sẹ́kún, ó ń lu àbúrò rẹ̀, Lùkúmọ̀n ò sì gbé ọwọ́ sókè.

Ohun tí Ládépọ̀ ti ń tọrọ rèé. Olè ti jẹ́wọ́, olè ti kúnlẹ̀, olè ti jẹ ìgbátí lójú ìyá Ládépọ̀. Kò sì sẹ́ni tó fura sí i. Bó bá dákẹ́, ó parí nìyẹn.

Rodiyat nu ojú rẹ̀, ó di ọwọ́ Ládépọ̀ mú. “Má bínú, àbúrò mi. Àwa la ṣẹ̀ ọ́, ìwọ náà lo tún ń ràn wá lọ́wọ́. Ọlọ́run á san ẹ́ lẹ́san rere.”

Bó bá jẹ́ èébú ni, ì bá rọrùn fún un láti gbà. Àdúrà yẹn ni kò lè gbà.

“Èmi ni,” ló wí.

“Ìwọ ni kí ni?”

“Èmi ni mo yí súìṣì ẹ̀yìn ẹ̀. Lùkúmọ̀n ni mo fẹ́ fi mú. Mo rò pé òun ló máa tẹ̀ ẹ́.”

Máṣíìnì ìyá rẹ̀ dákẹ́. Rodiyat fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“O ò rí ìwé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà?”

“Mo rí i, mà.”

“O rí i.” Ó wò ó títí. “Lùkúmọ̀n jí irin lọ́wọ́ ẹ. Ìwọ jí ọdún kan láyé mi.”

Ọ̀rọ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Rodiyat gboyè jáde, òun padà sí Ọ̀tọ̀-Àwórì níbi tó ti ṣe ìwádìí rẹ̀, ó tún ń bi àwọn apẹja ní ìbéèrè tó ti bi wọ́n rí. Ìyá Ládépọ̀ ta kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀, ó sì fi gbogbo owó tó rí níbẹ̀ ránṣẹ́ sí Rodiyat. Ládépọ̀ ò jiyàn. Ó lọ bẹ̀ ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Rodiyat sì ní òun ti gbọ́, kó máa lọ sílé.

Lùkúmọ̀n tó jalè ti padà di ọmọ ilé wọn, wọ́n tún ti ń rán an lọ lọ ata. Ládépọ̀ tí wọ́n jà lólè ni kò lè gba iwájú ilé náà kọjá mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, bí wọ́n bá jà yín lólè, ẹ kígbe olè. Ẹ bi í lójú ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àgbà gbọ́. Bí a bá ń fi oró yaró, oró kì í tán, ẹni tó bá sì dáná ẹ̀san ò lè yan ẹni tí iná náà máa jó.