Ibi Tó Jìn Lára Ọkọ̀ Hilario

Ibi tí Hilario lù tẹ́jú lánàá ti tún jìn padà.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì tòun ti ife kọfí lọ́wọ́, ó ń wo apá ọ̀tún iwájú ọkọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Kó tó ti ilẹ̀kùn lánàá, ó ti fi òòlù nà án títí ó fi tẹ́, ó ti ha á títí ó fi ń dán, ó sì ti di ojú fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìkan ibi kankan tó gbún. Ní àárọ̀ yìí, ó ti rì wọnú bí ìrọ̀rí tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orí kúrò lórí rẹ̀.

"Ovidia! Wá wo nǹkan!"

Ìyàwó rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́.

"Ta ló wọ ibí?"

"Ta ni ì bá wọ ibẹ̀? Ṣebí ọrùn ẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà. O tilẹ̀ ń gbé e sùn."

"Mo ní ta ló fi ara gbá ọkọ̀ mi!"

"Ológbò ni," ni Ovidia wí, kó lè pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ kan ibi tó jìn náà. Oṣù keje ni, àárín ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wọn, òtútù ìlú Agua Mansa sì mú débi pé omi inú korobá ẹ̀yìnkùlé ti dì. Gbogbo irin inú gáréèjì ló tutù bí òkúta inú odò. Ibẹ̀ nìkan ló lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń sùn. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, kò sì sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn fún ẹnikẹ́ni.

Láti kékeré ni irú ọkọ̀ yìí ti ń jẹ Hilario lọ́kàn. Ọkọ̀ eré ìje ni, ará Ítálì, oníjòkòó méjì, tó rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ìka kan ilẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn ọmọ olówó máa ń gbé e sáré gba iwájú ilé wọn lọ síbi adágún omi tó wà lórí òkè, eruku wọn lòun àti àwọn àbúrò rẹ̀ sì máa ń gbé mì. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin ní Córdoba títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì gbàgbé eruku yẹn. Ìgbà tí àwọn ọmọ Olariaga, ọ̀kan lára àwọn olówó náà, fẹ́ ta oko bàbá wọn lórí òkè ni wọ́n pè é pé kó wá wo nǹkan kan. Wọ́n wó ògiri kan nínú ilé ẹṣin, ògiri tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé. Ọkọ̀ náà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì báyìí tó ti ń tún un ṣe. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún. Ovidia fúnra rẹ̀ ló rán awọ àwọn ìjókòó. Apá ọ̀tún iwájú yìí ló kù, ibi tó ti wó kó tó dé ọwọ́ wọn.

Hilario gbé òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú padà. Bí òòlù kìíní ṣe balẹ̀ ni igbe sọ nínú yàrá ẹ̀yìn.

"Ìbàdí mi o! Ovidia! Ìbàdí mi!"

Ìyá Ovidia, Casilda, ló ń ké. Ìyá náà ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ, yàrá tó fi ògiri ti gáréèjì ni wọ́n fi í sí. Kò lè dá dìde mọ́, èèyàn méjì ló ń gbé e kúrò lórí ibùsùn. Nígbà tí Ovidia ká aṣọ rẹ̀ sókè, ibì kan wà ní ìbàdí ọ̀tún tó dúdú, tó wú, bí èso pọ́ọ̀mù tó ti rà. Hilario tún lu irin lẹ́yìn ògiri. Ìyá ta, bí ẹni tí wọ́n gbá.

Dókítà wá. Ó wo ìbàdí, ó wo èjìká, ó wo ẹ̀gbẹ́ orí níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lábẹ́ awọ. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ Ovidia, ó sì wò ó pẹ́.

"Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ń tọ́jú wọn?"

"Èmi nìkan ni, dókítà."

"Ẹ máa rọra," ló wí, kò sì bá a bọ ọwọ́ nígbà tó ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ń lọ títí òtútù fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí Hilario bá lù tẹ́, yóò ti jìn padà kó tó jí. Bó bá sì ti lù ú, Màmá ni yóò ké. Hilario ní ariwo àgbàlagbà ni, pé kò fẹ́ràn òun láti ọjọ́ tí òun ti wá tọrọ ọmọ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lásìkò tí gbogbo ìlú ti fèrèsé tí wọ́n sì ń sùn, tí oòrùn nìkan wà ní títì, Ovidia jí, ó sì rí i pé ilé dákẹ́ jù. Ó yọjú sí yàrá ẹ̀yìn. Ibùsùn ṣófo. Bàtà ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀.

Inú gáréèjì ló ti bá a. Casilda, tí kò lè dá jókòó, kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó fi gbogbo ara lé apá ọ̀tún ọkọ̀ náà. Ìbàdí rẹ̀ wọ inú ibi tó jìn nísàlẹ̀. Èjìká rẹ̀ wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ inú ti òkè pátá, ó bá a mu rẹ́gí, bí hóró ẹ̀pà ṣe ń bá èèpo rẹ̀ mu. Ó di ojú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá," ni Ovidia wí. "Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Zulma ló wà níbí. Ó ń sùn."

Ovidia tún wo àwọn ibi tó jìn náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Zulma ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àkọ́bí Casilda, tó jọ ìyá rẹ̀ bí ẹni tu ú sílẹ̀. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tó lọ ra búrẹ́dì ní ọ̀sán kan, tí ọkọ̀ kan sì gbá a lójú ọ̀nà adágún, tó sì lọ. Ọkọ̀ náà kò dúró. Wọ́n wá a káàkiri, wọn ò rí i. Ẹni tó rí Zulma sọ pé ó ṣì ń mí nígbà tí òun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti pé ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má sọ fún ìyá òun pé búrẹ́dì ti dà nù.

Nígbà oúnjẹ alẹ́, Ovidia jókòó sí iwájú ọkọ rẹ̀, kò bu oúnjẹ tirẹ̀.

"Ta ló ń mọ ògiri dí ọkọ̀, Hilario?"

"Olówó." Ó ń gé ẹran. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn."

"O mọ̀."

"Mo fura." Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó mu omi. "Irun wà lára iná iwájú rẹ̀ nígbà tí mo gbé e dé. Irun gígùn. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ kúrò."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìpẹtà.

"Irun ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ẹni tó wà á ti kú. Bàbá tó mọ ògiri náà ti kú. Ta lo wá fẹ́ kí wọ́n tì mọ́lé, àwọn ẹṣin?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Hilario!"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ti kú tipẹ́. Ọkọ̀ tèmi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí." Ó tún mú ọ̀bẹ. "Nígbà àjọ̀dún ìlú, mo máa gbé e yí gbàgede ká, kí gbogbo wọn rí mi. Lẹ́yìn ìyẹn, bó o bá fẹ́, kó o lọ tan àbẹ́là sí iwájú ẹ̀."

Ó ń lù ú lọ. Ó tilẹ̀ ń lù ú kíkankíkan sí i, bí ẹni tó ti mọ ẹni tó ń bá jà. Ara Casilda kò ríbi jinná. Ó mú ọwọ́ Ovidia lọ́jọ́ kan, ó ní, "Sọ fún ọkọ ẹ kó fi í sílẹ̀. Kò sí níbòmíì mọ́. Ibẹ̀ nìkan ló kù sí."

"Ṣé ìyà tó ń jẹ yín ò tó yín ni, Màmá?"

"Tèmi ni ìyà náà. Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi?"

Ṣùgbọ́n Ovidia ló ń fi omi gbígbóná tẹ ara yẹn. Òun ló ń gbọ́ igbe náà. Nígbà tí Hilario sọ pé òun máa gé gbogbo apá ibẹ̀ kúrò, kí òun sì jó irin tuntun mọ́ ọn, ó ronú di ọjọ́ kejì. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé kò sí ohun tó lè dun òkú mọ́, alààyè ni nǹkan ń dùn. Ó sì lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó gé e.

Ó tún bá a di irin náà mú.

Iná ń ta jáde lábẹ́ ẹ̀rọ ìgé, ó ń rọ sílẹ̀ bí ọkà. Òórùn tó ń jáde kì í ṣe ti irin. Òórùn irun tó ń jó ni. Ovidia yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ kò jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì ń mọ̀ ọ́n lára bí irin náà ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n dì mú kí wọ́n lè gún un lábẹ́rẹ́. Nínú yàrá ẹ̀yìn, Casilda kò ké. Nígbà tí irin náà já, ó bọ́ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, kò dún.

Hilario fi òòlù ńlá lù ú pẹlẹbẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tẹ́, ó sì tẹ́ títí. Ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó irin àlòkù kiri ló gbé e lọ. Ovidia dúró ní géètì títí kẹ̀kẹ́ náà fi yà ní ìgun.

"Ovidia," ni ìyá rẹ̀ pè láti inú ilé, "mi ò gbúròó Zulma mọ́."

"Ẹ sùn, Màmá."

Casilda sùn. Nígbà tó jí, kò sí ohun tó ń dùn ún. Àwọn ibi tó dúdú lára rẹ̀ rọ, wọ́n pupa díẹ̀, wọ́n sì pòórá. Ó jẹ oúnjẹ, ó ní kí wọ́n bu sí i. Láìpẹ́ ó ń dá rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti já ewé peperina olóòórùn dídùn sínú máté, tíì rẹ̀, ó sì ń kọ orin. Ovidia lọ sínú ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún ayọ̀.

Ọjọ́ kan, wọ́n jọ ń mu máté nígbà tí Ovidia sọ pé, "Zulma ì bá ti ní ọmọọmọ báyìí."

"Zulma wo?"

Ovidia rò pé eré ni. "Zulma, Màmá. Ọmọ yín."

"Ìwọ nìkan ni mo bí." Ìyá náà wò ó tàánútàánú. "Àbí o ti ń darúgbó ṣáájú mi?"

Ovidia sáré lọ bá Hilario, tó ń kun ọ̀dà. Ó bi í bóyá ó rántí Zulma. Hilario gbé orí sókè, ọ̀dà kán sí i nírùngbọ̀n.

"Ta ni ìyẹn?"

Ovidia kò mọ̀ bóyá ó gbàgbé ni tàbí ìwà ìkà rẹ̀ ló ń hù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe orúkọ náà sínú, bó bá ń fọ abọ́, bó bá ń sá aṣọ, kó má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rántí irun náà. Lẹ́yìn náà kò rántí àwọ̀ irun náà mọ́. Ní ọjọ́ ìrántí ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ra òdòdó, ó rìn dé itẹ́ òkú, ó sì dúró láàárín àwọn ibojì, kò mọ ohun tó bá wá. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan tẹ̀ lé òun. Kò sí ẹnì kankan. Ó fi òdòdó náà síwájú ibojì àjèjì kan tí wọ́n ti pa tì, nítorí ó ṣe é láàánú, ó sì padà sílé. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó tilẹ̀ dúró ra áísìkíríìmù lójú ọ̀nà.

Àjọ̀dún dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Hilario wọ kóòtù funfun, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde, ó ń dán, kò sí àbàwọ́n kan lára rẹ̀. Gbogbo Agua Mansa wà ní gbàgede tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, tí àwọn ọlọ́pàá ń ya àwòrán pẹ̀lú rẹ̀. Ovidia ní oòrùn ti pọ̀ jù fún ìyá òun, wọ́n dúró sílé. Ọ̀sán gangan ni, títì dá, nígbà tí agogo géètì dún.

Ọmọbìnrin kan ló dúró níta. Eruku bò ó, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀, ó fi irun bo apá ọ̀tún ojú rẹ̀. Bó ṣe rí Ovidia, ó bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Mama! Mo ti dé. Ọ̀nà yẹn jìn, Mama, mi ò rí ọ̀nà."

"Ọmọ mi, èmi kọ́ ni ìyá ẹ."

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀rín náà kúrò díẹ̀díẹ̀.

"Ovidia? Ìwọ ni? Kí ló dé tó o fi dàgbà tó báyìí?"

Ẹ̀rù ba Ovidia. Àwọn olè a máa kọ́ orúkọ onílé kí wọ́n tó wá. Ó fi ẹsẹ̀ ti géètì nínú. "Ta ló rán ẹ?"

"Ta ni?" ni Casilda bi láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bí ọmọ náà ṣe gbọ́ ohùn yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin géètì mú. "Mama! Mama, èmi ni, Zulma! Ẹ ní kó ṣílẹ̀kùn fún mi!"

Casilda fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ó gbé ife máté dání. Ó wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wò ó dáadáa, bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tí kò rí rí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ti ilẹ̀kùn, Ovidia, eṣinṣin ń wọlé."

Ovidia ti ilẹ̀kùn. Agogo náà dún lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ yọ ará ilé lẹ́nu. Wọ́n jókòó, wọ́n tún da omi gbígbóná sórí ewé.

"Kí ló pe orúkọ ara ẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

Ovidia ronú díẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ ọ dáadáa.