Àmì Iwájú Orí Ọ̀jọ̀gbọ́n

Láti àárọ̀ ni ìnàkí náà ti kọ̀, kò wo dígí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló tẹjú mọ́.

Ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ń bá a ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí rẹ̀, ti rí i. Àmọ́ ta ni yóò sọ fún ọ̀mọ̀wé? Ọkùnrin tó ń wọn làákàyè ẹranko láti ọjọ́ yìí, kò tíì mọ ibi tí ṣíbí wà nílé ara rẹ̀.

Bó ṣe ń dán wọn wò nìyí: bí ẹranko bá sùn, á kán ọ̀dà pupa sí i níwájú orí. Bó bá jí, á ká aṣọ kúrò lójú dígí. Èyí tó bá fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀ ti mọ̀ pé òun lòun ń wò. Èyí tó bá ń wá ẹlòmíì lẹ́yìn dígí, òpè ni, abẹ́rẹ́ ikú ló kàn án.

"Ẹran lásán," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, ó ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. "Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ayé ṣe?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó di ọ̀la. Ojú ẹ̀ ń bà mí lẹ́rù," ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Ojú ẹranko? Ìwọ náà ò kúkú sàn jù ú lọ."

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí? Ìyàwó gbé e mì bó ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé abẹ́rẹ́ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn irin àgò ìnàkí náà. Ìnàkí náà na ọwọ́ jáde jẹ́jẹ́, ó fi ìka kan tó pupa fún ọ̀dà tẹ iwájú orí Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì padà jókòó. Iwájú orí ìnàkí fúnra rẹ̀ ti mọ́ tónítóní.

"Dádì," ìyàwó rọra sọ, "ọ̀dà yẹn ti wà níwájú orí yín."

"Irọ́!" Ó lọ síwájú dígí. Ó wò ó títí. Ọwọ́ rẹ̀ ò gòkè.

"Ta lo jẹ́ kó wọlé síbí?" ó béèrè.

"Ta ni?"

"Ọkùnrin yìí." Ó nàka sí dígí. Ó wá yọ́ lọ sẹ́yìn dígí, ó ń fọwọ́ wá ẹnìkan níbi tí kò sí ẹnìkankan.

Nǹkan kan ń lu irin àgò, kó, kó, kó. Ìyàwó yíjú padà. Ìnàkí náà wo Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀gàntẹ̀gàn, ó wo tábìlì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ìyàwó pé kó gbé abẹ́rẹ́ wá.