Ọ̀nà Màlúù Lábẹ́ Adágún

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ragna, nọ́ọ̀sì kàn nù ún ni. Nígbà tó wá di ojoojúmọ́, wọ́n ránṣẹ́ pe Gyda, ọmọ rẹ̀.

"Ìyá yín ti ń tọ̀ sílẹ̀," ni ọ̀gá ilé àwọn arúgbó wí. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣe èèyàn lóore. "Iyè wọn ti ń ra. A máa ní láti gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú tó wà ní ìlú ńlá, ibi tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn."

Gyda bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ìka bọ omi náà, ó sì gbé e sí imú. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ti fọ ìdọ̀tí ọmọ mẹ́ta, kò nílò dókítà kó tó mọ ìtọ̀. Èyí kì í ṣe ìtọ̀. Ó ń rùn bí ẹrẹ̀ adágún, òtútù rẹ̀ sì wọ inú eegun. Irun pupa kúkúrú kan ń léfòó lójú rẹ̀. Kì í ṣe irun èèyàn.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ wá, kí ẹ gbóòórùn ẹ̀."

"Madam, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ kí n máa gbóòórùn ìtọ̀."

"Ẹni tí ò bá lè gbóòórùn ẹ̀, kó má sọ ọ́ lórúkọ."

Ọ̀gá náà jáde. Ragna wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kéré bí ọmọ tí wọ́n fi aṣọ wé. Ọwọ́ rẹ̀ tutù nini. Ó ti ń tutù sí i láti ìgbà tí omi yìí ti bẹ̀rẹ̀, ikọ́ sì ti gbé e láyà.

"Wọ́n tún wá lóru," ó wí.

"Àwọn wo, Màmá?"

"Àwọn màlúù wa. Wọ́n kàn dúró yí mi ká ni. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ." Ó di ọwọ́ Gyda mú. "Géètì ni mi ò tì. Bá mi lọ tì í."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn yẹn ní àfonífojì Hovda, àfi pé wọn kì í sọ ọ́ sókè. Nígbà tí Ragna wà lọ́mọbìnrin, àwọn oníná wọ bàtà dídán wá láti ìlú ńlá, wọ́n ní àwọn máa sé odò láti fi omi rẹ̀ ṣe iná. Wọ́n ní ìlọsíwájú ni. Ìlọsíwájú ta ni? Iná tí wọ́n fà jáde níbẹ̀ gba orí òkè kọjá lọ sí ìlú ẹlòmíì, àwọn ará Hovda sì ń jókòó ti fìtílà fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fún baba Ragna ní owó tí kò tó kọ́ ilé adìyẹ. Ilé, pápá, ilé màlúù, ògiri òkúta tí baba ńlá rẹ̀ fi ọwọ́ tò, gbogbo rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ adágún báyìí.

Ragna ló máa ń da àwọn màlúù. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó jáde, àwọn màlúù yẹn já mọ́ àwọn tó rà wọ́n lọ́wọ́ lójú títì, wọ́n sì sá padà sílé. Omi ti ń gun pápá. Bàbá ní kí Ragna jáde kẹ́yìn, kó ti géètì. Níbẹ̀ yẹn, kí ọmọdé tó mọ àdúrà kà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pé ẹni tó bá ṣí géètì ló ń tì í. Ragna kò tì í. Ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó ní bóyá wọ́n á rí ọ̀nà jáde. Wọn kò jáde láyé.

Gyda kọ́kọ́ gbìyànjú irọ́. Nígbà tó padà wá ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, "Màmá, mo ti lọ tì í."

"Kí ni wọ́n fi ń so ó?"

"Ìwọ̀ irin."

Ragna yí ojú sí ògiri. "Òrùka igi ni. Bàbá mi ló fi ẹ̀ka igi tútù lọ́ ọ. Mo tọ́ ọ dàgbà tán, o wá ń purọ́ fún mi?"

Bí Gyda ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ ìmòòkùn nìyẹn, obìnrin tí kò fẹ́ràn kí omi kan òun létí.

Àkókò kan ṣoṣo ló wà. Àwọn oníná máa ń lo omi adágún náà ní gbogbo ìgbà òtútù. Tí omi dídì bá fi máa yọ́ lójú rẹ̀, adágún á ti fà, ibi tí oko wà kò ní jìn ju ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dé. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí yìnyín orí òkè á fi yọ́, tí adágún á kún padà, tí oko á sì jìn kọjá agbára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Olùkọ́ rẹ̀ ń jẹ́ Eivind, ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Àǹtí Gyda, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń hun ìbọ̀sẹ̀ o. Kí lẹ ń wá nínú omi tó lè sọ ọkùnrin di obìnrin?"

"Ìwọ gan-an ò sì tíì di obìnrin. Wọ aṣọ yẹn fún mi."

Aṣọ rọ́bà nípọn ni, irú èyí tí omi kì í wọ inú rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ fún un lọ́fun bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ pa á. Wọ́n so òjé mọ́ ọn nídìí kó lè rì, wọ́n gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ọ lẹ́yìn, ó sì ń rìn bí aláboyún tí oyún rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ omi, afẹ́fẹ́ inú aṣọ sá lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ pátá, ó sì dorí kodò, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń jà lókè. Nígbà tí Eivind fà á jáde, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ dà bí pẹ́pẹ́yẹ tó ń wá oúnjẹ nísàlẹ̀ odò!"

"Rẹ́rìn-ín dáadáa," ni Gyda wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Ìyá tìẹ náà á darúgbó."

Ìgbà kejì, ó há ohun ìmí tó ń gba afẹ́fẹ́ láti inú àgbá sẹ́nu kó tó wọ omi, ó ń mí sí i lójú ọ̀nà níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù bí ọ̀bẹ. Ohun náà dì. Bó ṣe dé ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń ya jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀rọ omi bẹ́, kò sì ṣeé dá dúró. Eivind kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó fún un ní ohun ìmí kejì tó wà lára àgbá tirẹ̀, ó sì rọra gbé e gòkè.

"Omi gbígbóná ń dárí ji èèyàn, Àǹtí. Omi tiwa kì í dárí jini. Tí mo bá fi ìka ṣe òrùka sí yín, ẹ fi ṣe é padà kí n mọ̀ pé ara yín le. Ibi tí mo bá wà ni kí ẹ wà."

Ó sì kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n, torí ó rí i pé kì í ṣe eré ló bá wá. Nígbà tí Gyda sọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe fún un, Eivind lọ wo ibi tí omi adágún fà dé. Ó ní, "Tí ilé arúgbó bá fẹ́ gbé ìyá yín lọ lọ́jọ́ Ajé, a jẹ́ pé Sátidé la máa lọ."

Ọjọ́ Sátidé yẹn, oòrùn ràn. Omi dídì ti kúrò létí adágún, ìyókù ń dún gbirigbiri láàárín rẹ̀ bí ẹni tó ń ráhùn lójú oorun. Wọ́n wọ omi. Òtútù gbá Gyda lójú bí ẹni tí wọ́n fọ́ létí, lẹ́yìn náà kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Wọ́n rọra ń lọ sísàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kúrò ní funfun, ó di bí àwọ̀ ewé, ó di bí àwọ̀ tíì. Kò gbọ́ nǹkan kan àyàfi èémí ara rẹ̀.

Tọ́ọ̀ṣì Eivind kan òkúta. Ògiri ni. Òmíràn wà lódìkejì rẹ̀, ọ̀nà tóóró kan sì gba àárín méjèèjì kọjá. Gyda kò fojú kàn án rí, síbẹ̀ ó mọ̀ ọ́n, torí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti yà á fún un lórí àwo, lórí aṣọ tábìlì, ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀nà màlúù ni.

Ẹrẹ̀ ti bo gbogbo nǹkan, ó kúnná bí ìyẹ̀fun, ó jìn dé ọrùn ọwọ́. Ó bo orí ògiri, ó bo kùkùté igi. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀nà yẹn, kò sí ẹrẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, òkúta rẹ̀ ń dán, ó fẹ̀ ní ìwọ̀n ibi tí màlúù kan lè gbà kọjá. Pátákò ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì gòkè lọ sí ọ̀nà ìlú, sí apá ibi tí ilé àwọn arúgbó wà.

Gyda yíjú sí Eivind. Ojú ọmọkùnrin náà ti là kalẹ̀ lẹ́yìn dígí. Ó fi ìka ṣe òrùka. Gyda fi ṣe é padà.

Géètì wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà, igi rẹ̀ dúdú, kò jẹrà. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òrùka igi tí wọ́n lọ́ ṣì so rọ̀ lára òpó. Gyda dì í mú, ó tì í díẹ̀, ó sì rìn wọ́ọ́rọ́ bí ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Ó kù díẹ̀ kó tì í tán, ló bá dúró.

Gbogbo ojú pátákò tó wà nínú ẹrẹ̀ ẹnu géètì ló kọ iwájú síta. Kò sí èyí tó wọlé.

Ọmọ àgbẹ̀ kì í ti géètì mọ́ ẹran síta. Tó bá tì í báyìí, ìta ni wọ́n máa wà títí láé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Wọ́n máa ń pe màlúù wálé ná kí wọ́n tó tì í. Kò sí màlúù nílé tí wọ́n ti tọ́ Gyda, ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní kékeré, tí oúnjẹ bá jinná, Ragna a dúró lójú ilẹ̀kùn, a ju ohùn sókè, ohùn gígùn tó ń gòkè tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu òkè. Ìpè màlúù ló fi ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé.

Gyda ṣí géètì padà. Ó fi ara ti ògiri. Ó di eyín mọ́ ohun ìmí, ó sì pè.

Kì í ṣe ohùn tó dára. Ó gba imú, ó gba àyà, ó bá afẹ́fẹ́ jáde ní hóró-hóró. Eivind na ọwọ́ sí i, ó ń fi àtàǹpàkò tọ́ka sókè, ó ní ká máa lọ. Gyda mi orí. Ó tún pè.

Lókèèrè lójú ọ̀nà, ẹrẹ̀ etí ògiri rú díẹ̀. Ó rú lẹ́ẹ̀kan sí i, nítòsí. Lẹ́yìn náà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo.

Kò rí wọn. Títí tó fi kú, kò sọ pé òun rí wọn. Ṣùgbọ́n nínú omi tó lè pa èèyàn, nǹkan gbígbóná kan fara gbún un, ó fẹ̀, ó nírun, ó ń mí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta ní pẹ̀lẹ́ bí ẹran tí kò níkà nínú, ó sì kọjá. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Wọ́n ń lọ láìkánjú, bí wọ́n ṣe máa ń wálé ní ìrọ̀lẹ́ tí ọmú wọn kún. Tọ́ọ̀ṣì kò fi nǹkan kan hàn ju omi tó ń gbọ̀n, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbọ̀n lórí iná. Gyda ń sunkún nínú dígí rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù. Kò ní orúkọ tó lè pè é.

Nígbà tí gbogbo wọn kọjá tán, ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń hàn lórí ẹrẹ̀ etí ògiri, ọ̀kan, ó tún di ọ̀kan. Ẹsẹ̀ lásán ni, kékeré, ẹsẹ̀ ọmọbìnrin. Ó dúró níwájú Gyda. Gyda wolẹ̀. Òun ló ń gé èékánná ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lóṣooṣù. Kò sí bí kò ṣe ní mọ ẹsẹ̀ tí ìka kejì rẹ̀ gun orí àtàǹpàkò.

Ó fẹ́ na ọwọ́ mú un. Ó fẹ́ sọ pé, dúró. Ojú ẹsẹ̀ náà yà, ó wọlé.

Géètì rìn fúnra rẹ̀. Láti inú ni wọ́n ti fà á. Òrùka igi dìde lára òpó, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó sì bọ́ sórí géètì bó ṣe yẹ.

Létí adágún, Eivind bu kọfí, gbogbo rẹ̀ dà sí i lọ́wọ́. Kò mọ̀ ọ́n lára.

"Kí lo rí?" Gyda bi í.

"Mi ò rí nǹkan kan." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí mọ́."

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ilẹ̀ yàrá Ragna ti gbẹ. Ikọ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ilé arúgbó ní kò sídìí láti gbé Ragna lọ síbì kankan mọ́, oògùn tuntun ló ṣiṣẹ́. Gyda jẹ́ kó máa gba ọpẹ́ oògùn rẹ̀ lọ.

Ragna jókòó lójú fèrèsé, ó ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Ó mọ Gyda, ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bú ọkọ rẹ̀ tó ti kú bó ṣe máa ń bú u.

"Màmá, mo ti tì í."

"Kí lo tì?"

"Géètì oko yín."

"Oko wo?" Ragna rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní oko nínú wa?"

Gyda rò pé àpárá ni. Ó ní, "Màmá, níbo ni wọ́n bí yín?"

Ragna la ẹnu láti dáhùn. Kò rí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò bà á lẹ́rù. Ó kàn wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó na ọwọ́ sínú àpò tó bá a lófìfo. "Ó ti sá mọ́ mi lọ́wọ́. Ìwọ mọ̀ ọ́n?"

Ẹni tó wá ìsinmi fún ìyá rẹ̀ ti rí i, ẹ wo ohun tó fi rà á. Gyda fa àga sún mọ́ ọn. Ó rọra sọ fún un nípa ilé kan àti ògiri òkúta, ọ̀nà tóóró láàárín ògiri méjì, géètì tí wọ́n fi òrùka igi so, àti ọmọbìnrin kan tó ń da màlúù pupa. Ragna gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń pa àlọ́ fún ọmọdé. Nígbà tí Gyda parí, ó yíjú sí fèrèsé.

"Ọmọbìnrin yẹn," ó wí, "ṣé òtútù kì í mú un níbẹ̀?"

Gyda gbé ọwọ́ lé èjìká ara rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fara gbún un.

"Rárá, Màmá. Àárín àwọn màlúù ló ń sùn."

"Ìyẹn dáa," ni Ragna wí, ó sì na ife rẹ̀ kí wọ́n bu kọfí sí i.